Òṣùwọ̀n àti Ìwà nínú Òwò Kòkó ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun èlò titun rí nínú òwò. Ìbáà ṣe irúgbìn, ìbáà ṣe òṣùwọ̀n, ìbáà ṣe ẹ̀rọ tàbí oògùn, kò lè ṣe ju ohun tí ọwọ́ tí ó dì í mú bá mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Bóyá ni a fi lè rí òwò kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn tó òwò kòkó. Láti nǹkan bí ọdún 1880 títí di àkókò tiwa yìí, ohun titun ti wọ inú òwò náà ní ìgbà púpọ̀. Nígbà mìíràn ó mú ọrọ̀ wá. Nígbà mìíràn ó dá ìjà sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ba ohun tí a ti fi ọdún púpọ̀ tò jọ jẹ́. Ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ láàárín ìgbà kan àti èkejì.

Bí kòkó ti ṣe dé

Igi kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni orírun rẹ̀, láti ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó sì ti gbé e wá sí àwọn erékùṣù tí ó wà lẹ́bàá Áfíríkà, bíi Príncipe àti Fernando Po. Láti Fernando Po ni ó ti kọjá sí ìhà Bonny ní nǹkan bí ọdún 1874. Ní ilẹ̀ Yorùbá, James Pinson Labulo Davies ni ìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá oko kòkó ńlá, ní Ìjàn lẹ́bàá Agége, ní nǹkan bí ọdún 1880. Davies ti ṣe iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti di gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó. Ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ó tó kọjú sí iṣẹ́ oko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó Agége lọ.

Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí a bí ní ọdún 1866, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, ni ó di òpó láàárín wọn. Òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ìjọ Áfíríkà, èyí tí ó yapa kúrò lára ìjọ àwọn òyìnbó ní ọdún 1901. Ní ọdún 1907 àwọn àgbẹ̀ Agége dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, kí wọ́n lè máa gba ara wọn nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ oko, lórí owó iṣẹ́ àti lórí títà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ní Agége ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tan ìmọ̀ kálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá láti òkè kò gba owó nìkan lọ sí ilé. Wọ́n rí bí a ti ń gbin kòkó, bí a ti ń gé ẹ̀ka rẹ̀, bí a ti ń tọ́jú èso rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, irúgbìn àti ìmọ̀ ni wọ́n jọ gbé lọ. Àwọn oníwàásù Ìjọ Áfíríkà pàápàá a máa sọ̀rọ̀ kòkó ní ibi tí wọ́n bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Àkókò náà sì bọ́ sí i. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ti parí ní ọdún 1893. Àwọn tí ó ti ń fi ogun jẹun ní láti wá ohun mìíràn ṣe. Ní ọdún 1901 ni a ṣí ojú irin Èkó dé Ìbàdàn. Bákan náà, igi náà bá ọ̀nà àgbẹ̀ wa mu. Láàárín ebè iṣu ni a ti ń gbìn ín, abẹ́ ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọmọ kòkó ti ń dàgbà, àgbẹ̀ sì ń jẹ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ọdún tí kòkó kò ì tíì so. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ní ìlú rẹ̀ lè lọ sí ilẹ̀ Ifẹ̀ tàbí Oǹdó, kí ó gba igbó lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká. Nítorí náà, irúgbìn àlejò bá ilé tí a ti gbá sílẹ̀ dè é. Ní ọdún 1900, kòkó tí ó jáde láti Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 1910 ó súnmọ́ 3,000; ní 1920 ó lé ní 17,000; ní 1930 ó lé ní 50,000. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jáde.

Abọ́, òṣùwọ̀n àti àìfọkàntán

Ṣùgbọ́n gbígbìn yàtọ̀ sí títà. Nínú títà ni wàhálà kọ́kọ́ ti yọjú. Abọ́ ni àwọn alágbàtà kéékèèké fi ń ra kòkó láti abà dé abà, ẹni tí abọ́ rẹ̀ bá sì jinlẹ̀ ni ó ń jèrè. Alágbàtà kékeré a tà fún alágbàtà ńlá tí ó ní òṣùwọ̀n, alágbàtà ńlá a sì kó o lọ sí ilé òwò àwọn òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí òṣùwọ̀n irin bá ti dé ìgbèríko, ìrẹ́jẹ yóò kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé irin kò ní ojúsàájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni òṣùwọ̀n ni ó ń kà á. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kò lè mọ̀ bóyá ohun tí a kà sí òun létí ni abẹ́rẹ́ náà sọ. Bí àgbẹ̀ bá sì jẹ alágbàtà ní gbèsè láti ìgbà òjò, tí ó ti fi oko kòkó rẹ̀ dógò, kò lè gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Òun náà kò sì káwọ́ gbera: ẹlòmíràn nínú àwọn àgbẹ̀ a ta kòkó tútù, ẹlòmíràn a da ìdọ̀tí pọ̀ mọ́ ọn, kí ó lè tẹ̀wọ̀n sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò tí ó yẹ kí ó fòpin sí iyàn ṣe di ohun tí a fi ń jà.

Ibi tí ìpalára náà gbé hàn jù ni dídára ọjà. Bí a bá fọ́ èso kòkó, a kì í sá a lọ́jọ́ náà. A ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, a ó sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, kí omi ara rẹ̀ ro, kí ó máa gbóná fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí a ní láti máa yí i padà, kí ìgbóná náà lè kárí. Ìgbóná yìí ni ó ń pa ẹ̀mí hóró náà, òun ni ó sì ń fi ìpìlẹ̀ adùn tí àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì ń wá sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó tó sá a sí oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, títí yóò fi gbẹ dáadáa; bí kò bá gbẹ, yóò bu nínú àpò. Gbogbo èyí kò gba ẹ̀rọ kankan. Sùúrù ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbàtà ń san iye kan náà lórí kòkó tí a tọ́jú àti èyí tí a kò tọ́jú, kí ni àgbẹ̀ yóò rí jẹ nínú sùúrù ọjọ́ mẹ́fà? Ọ̀nà tí a gbà ń rajà ni ó ba ọwọ́ àgbẹ̀ jẹ́, kì í ṣe àìmọ̀ nìkan.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀

Ní ọdún 1922 ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, kí wọ́n lè máa tọ́jú kòkó wọn pọ̀, kí wọ́n sì máa tà á pọ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba pe C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, kí ó wá wo bí a ti lè tò ó. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1934, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1935. Ní ọdún 1937 ni a forúkọ ẹgbẹ́ Gbẹ́dùn, lẹ́bàá Ìbàdàn, sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà.

Bí a bá wo ìṣe ẹgbẹ́ wọ̀nyí, kò sí ohun èlò kan nínú sítọ́ọ̀ wọn tí kò sí ní sítọ́ọ̀ alágbàtà. Òṣùwọ̀n kan náà ni, àpò kan náà ni. Ìyàtọ̀ ni pé ojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni a ti ń wọn kòkó; akọ̀wé tí àwọn fúnra wọn yàn ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé; bí ẹnì kan bá sì mú kòkó tí ó ti bu wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé ẹrù búburú ẹnì kan yóò já iye owó gbogbo wọn wálẹ̀. Nígbà tí a bá tà á tán, èrè tí ì bá bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà yóò padà sọ́dọ̀ wọn. Nínú owó ẹgbẹ́ náà ni ọmọ ẹgbẹ́ ti lè yáwó nígbà òjò, láìfi oko dógò.

Kí ni ó mú kí àwọn àgbẹ̀ gba ètò yìí, tí ó jẹ́ pé òfin òyìnbó ni? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Èésú ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, àwọn ẹrú tí a kó kọjá òkun pàápàá mú orúkọ rẹ̀ dé àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Íńdíísì. Nínú èésú, olúkúlùkù ń dá owó, ẹnì kan sì ń kó o ní ìgbà tirẹ̀. Ìtìjú ni onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó bá ti kó èésú tí kò dá padà kò ní ojú tí yóò fi wo ará àdúgbò. Ìwé àkọsílẹ̀, ìbò dídì àti ẹ̀dà òfin ni ìjọba mú wá. Ìfọkàntán tí ó gbé wọn ró ti wà nínú ilé. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú tí ó tóbi jù lọ nínú ètò yìí, jẹ́ ẹni tí ó mọ ìwé tí ó sì mọ àṣà, èyí sì jẹ́ kí ó lè bá àgbẹ̀ àti ìjọba sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1953 àwọn ẹgbẹ́ náà dá ilé ìfowópamọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Àdá ìjọba àti oògùn kòkòrò

Ní àkókò kan náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ó fi òdì kejì hàn. Ní ọdún 1944 a rí i pé àrùn tí ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú ti wọ àwọn oko ní ìhà Ìbàdàn. Kòkòrò kéékèèké ni ó ń gbé àrùn náà láti igi dé igi, kò sì sí oògùn fún un. Gígé igi náà lulẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ rí. Láti 1946 ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ wọ oko olóko, wọ́n sì ń gé kòkó. Ìmọ̀ àwọn onímọ̀ náà kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, tí èso ṣì wà lára rẹ̀, ni àgbẹ̀ rí tí a ń gé. Igi yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, òun ni ó fi dúró fún gbèsè, òun ni ogún tí yóò fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í fi àrùn náà hàn án, kò sì sí ìgbìmọ̀ ìlú tí ó bá a fi ohùn sí i. Àwọn àgbẹ̀ ta kú, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ òṣèlú, nígbà tí ó sì di ọdún 1950 ìjọba fi gígé náà sílẹ̀ ní ibi tí àrùn ti gbilẹ̀.

Àwọn tí ń tako ẹ̀kọ́ titun ti ń wí pé àgbẹ̀ wa kò fẹ́ ìyípadà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà já irọ́ wọn. Kò pẹ́ sí i tí oògùn Gammalin 20 dé fún kòkòrò, tí oògùn tí a fi bàbà ṣe sì dé fún dídúdú èso. Ìjọba bá wọn dín iye rẹ̀ kù. Àgbẹ̀ tí ó bá fín oko rẹ̀ lọ́dún kan a fi ojú ara rẹ̀ rí i pé èso pọ̀ sí i. Ọmọnìkejì rẹ̀ a sì wá béèrè ẹ̀rọ ìfínkòkó náà yá. Àwọn ènìyàn kan náà tí ó lé agékòkó kúrò ní oko ni ó ń tò níwájú sítọ́ọ̀ kí wọ́n lè ra oògùn. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ti wà ní Tafo ní ilẹ̀ Gánà láti 1944, ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Láti inú ẹ̀ka náà ni ilé ìwádìí tiwa ti jáde ní ọdún 1964, tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ títí di òní.

Bọ́ọ̀dù, iyì àti ìrora

Ní ọdún 1937 àwọn ilé òwò ńláńlá bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí iye tí wọn yóò fi máa ra kòkó. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gánà kọ̀ láti tà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ní 1938. Ogun àgbáyé bẹ́ lẹ́yìn náà, ìjọba gba títà kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1947 a dá Bọ́ọ̀dù Títa Kòkó sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Bọ́ọ̀dù yìí ṣe ohun kan tí ó dára gidigidi. Ó yà kòkó sí ipò, ó sì fi iye owó tí ó yàtọ̀ sí ipò kọ̀ọ̀kan. Olùyẹ̀wò a mú hóró láti inú àpò, a là á, a wo inú rẹ̀. Bí ó bá bu tàbí tí a kò tọ́jú rẹ̀ tó, ipò rẹ̀ a relẹ̀. Sùúrù ọjọ́ mẹ́fà wá ní èrè. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1950 sí 1960, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kòkó tí ó ń jáde láti Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà ní ipò kìíní. Kò sí ẹ̀rọ titun tí ó fa èyí. Oòrùn àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àtijọ́ náà ni. Ọ̀nà tí a gbà ń sanwó ni a tún ṣe.

Ṣùgbọ́n Bọ́ọ̀dù kò san gbogbo iye tí ọjà òkè òkun ń mú wá fún àgbẹ̀. Lára èyí tí ó kù ni ìjọba ti rí owó ṣe ohun ńláńlá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn dé ní 1959. Ilé Kòkó, tí ó ní àjà 26, yọ ní Ìbàdàn ní 1965. Kò sí ẹni tí yóò sẹ́ iyì nǹkan wọ̀nyí. Síbẹ̀, ẹni tí òógùn rẹ̀ gbé wọn dìde kò ní ohùn tó bẹ́ẹ̀ nínú bí a ti ń ná an. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀, tí owó orí sì ga, tí àwọn agbowó òde àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń da àgbẹ̀ láàmú, sùúrù tán. Ní 1968 àti 1969 àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Ayọ̀ọlá ṣe olórí rẹ̀ gbọ́ ẹ̀dùn wọn, ṣùgbọ́n ìjà náà kò tíì rọlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 ni wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Lẹ́yìn èyí, ìjọba dín owó orí kù sí 2 pọ́ọ̀n. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ètò lè mú ọjà dára, kí ó sì máa ba ọkàn ẹni tí ń ṣe ọjà jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún 1986

Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ gba iṣẹ́ Bọ́ọ̀dù àwọn ìpínlẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1986, kòkó Nàìjíríà, tí ó ti tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1980, ti dín kù ju ìdajì lọ. Ní ọdún náà ni a fọ́ gbogbo bọ́ọ̀dù ọjà. Inú àgbẹ̀ kọ́kọ́ dùn, nítorí pé owó tí ń wọ ọwọ́ rẹ̀ ga sókè. Ṣùgbọ́n bí a ti fọ́ bọ́ọ̀dù tí ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ ni a fọ́ yíyẹ̀wò tí ó fún kòkó wa lórúkọ. Àwọn tí kò mọ kòkó rí sáré wọ inú òwò náà. Wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra gbígbẹ, wọ́n sì ń da á pọ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Orúkọ tí a fi ogójì ọdún kọ́, ọdún mélòó kan ni ó fi ṣá.

Ohun titun mìíràn tún ti dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 2023 àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó parapọ̀ ṣe òfin pé ẹni tí yóò kó kòkó wọ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ lè fi hàn oko tí ó ti wá, kí wọ́n lè mọ̀ pé a kò ba igbó jẹ́ nítorí rẹ̀. Ní 2024 iye owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Fóònù àti sátẹ́láìtì ni a fi ń ya àwòrán oko nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn tí a sọ yìí yóò kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó béèrè bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́: ta ni yóò máa ka ohun tí ó sọ, ṣé àgbẹ̀ yóò rí ìwé náà fúnra rẹ̀, àti ta ni èrè rẹ̀ yóò wà fún? Àwọn àgbẹ̀ Gbẹ́dùn rí ìdáhùn sí irú ìbéèrè wọ̀nyí nínú sítọ́ọ̀ kékeré kan, níbi tí a ti ń wọn kòkó ní ojú gbogbo ènìyàn. Níbi tí a kò bá ti dá a lóhùn, àgbẹ̀ yóò máa wo àwòrán oko rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti ń wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n alágbàtà.